40, 80 àbí 160? Ìfiwéra fún ọlọ́rédíò ham tó ń gbé Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ tàbí Àgbádárìgì

Bí èèyàn bá ti gba ìwé àṣẹ ham (ẹni tó ń fi rédíò tirẹ̀ bá ayé sọ̀rọ̀ fún ìgbádùn, kì í ṣe fún owó) lọ́wọ́ NCC, tó sì ra rédíò, ìbéèrè tó sábà máa ń tẹ̀ lé e ni pé, "Wáàtì mélòó ni mo nílò kí wọ́n tó lè gbọ́ mi ní Amẹ́ríkà?" Ní tèmi o, ìbéèrè yẹn lè dúró ná. Lórí àwọn báńdì ìsàlẹ̀, ìyẹn àwọn tí ìgbì wọn gùn tó nǹkan bí 40, 80 àti 160 mítà, ariwo inú etí ara wa ló ń dá ọ̀pọ̀ nínú wa dúró. Ará òkèèrè á gbọ́ wa, á dáhùn, àwa tí a pè é ni a ò ní gbọ́ èsì. Nítorí náà, bí mo ṣe fẹ́ fi báńdì wé báńdì, ìlú wé ìlú, áńtẹ́nà wé áńtẹ́nà nísàlẹ̀ yìí, ibi tí etí ti lè sinmi ni mo máa kọ́kọ́ wò. Wáàtì á gbẹ̀yìn.

Òru ni iṣẹ́ yìí. Lọ́sàn-án, oòrùn máa ń dá ìpele kan sílẹ̀ lókè, ní nǹkan bí 60 sí 90 kìlómítà, tí wọ́n ń pè ní D. D kì í dá ìgbì rédíò padà, ńṣe ló ń gbé e mì. Bí ìgbì bá sì ṣe gùn tó ni D ṣe ń jẹ ẹ́ tó, ìdí nìyẹn tí 160 fi máa ń kú fin-ín lọ́sàn-án nígbà tí 40 ṣì lè gbé yín dé Ìbàdàn tàbí Accra. Tí oòrùn bá wọ̀, D á tú ká, ìgbì á ráyè kọjá lọ bá ìpele F tó wà lókè 250 kìlómítà, F á sì dà á padà sílẹ̀ sí ọ̀nà jíjìn. Kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1923, Fred Schnell àti John Reinartz ní Amẹ́ríkà bá Léon Deloy ní ilẹ̀ Faransé sọ̀rọ̀ lórí nǹkan bí 110 mítà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn ham sọ̀rọ̀ lọ-bọ̀ kọjá òkun Àtìláńtíìkì. Ibi tí wọ́n lò yẹn bọ́ sí àárín 80 àti 160 tiwa.

Ẹ jẹ́ ká to àwọn nọ́ńbà síbì kan ná, kí n má baà máa pè wọ́n léraléra.

| | 40 mítà | 80 mítà | 160 mítà |
|---|---|---|---|
| Ààyè rẹ̀ ní Region 1 (apá ayé tí Áfíríkà àti Yúróòpù wà) | 7.000–7.200 MHz | 3.500–3.800 MHz | 1.810–2.000 MHz |
| Gígùn dipole (wáyà tí a na gbalaja sí ọ̀tún àti òsì) | bí 20 mítà | bí 40 mítà | bí 78 mítà |
| Áńtẹ́nà òòró, ìdá mẹ́rin ìgbì | bí 10 mítà | bí 20 mítà | bí 39 mítà |
| Ibi tí FT8 (ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń bá kọ̀ǹpútà sọ) wà, ní MHz | 7.074 | 3.573 | 1.840 |
| Àkókò tiwa | ìrọ̀lẹ́ títí di ẹ̀yìn ìlà oòrùn | òru, pàápàá lásìkò ọyẹ́ | òru ọyẹ́ nìkan |

Ìwé àṣẹ yín ló máa sọ ibi tí ẹ lè dé gan-an nínú àwọn ààyè yìí. Ti 160 ni kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa, nítorí òkè 1.850 kò rí bákan náà ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan.

Ẹ fi 40 bẹ̀rẹ̀

Tí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀kan fún yín láìtíì rí ilé yín, 40 ni màá mú. Ẹ wo ilẹ̀ pílọ́ọ̀tì kan, 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120, tí gbogbo wa ń rà. Dipole 40 máa wọ inú rẹ̀ ní gígùn, á tún ṣẹ́ kù. Ti 80 kò lè wọ̀ ọ́ àfi tí ẹ bá nà án láti igun dé igun, pẹ̀lú ilé láàárín. Ti 160 á wọ ọgbà aládùúgbò, á sì kọjá síta. Ẹni tó ń gbé fúláàtì ní Àgríìkì tàbí Ìgbógbó ti rí ìdáhùn rẹ̀ nínú èyí nìkan.

Ohun kejì ni pé 40 kì í fi oṣù ṣe ìgbéraga. Lóòótọ́ ó ń gbọ́ àrá, ṣùgbọ́n ariwo àrá máa ń dín kù bí ẹ ṣe ń gòkè nínú báńdì, nítorí náà òru òjò tó bá ti ba 80 jẹ́ pátápátá ṣì lè fún yín ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí 40. Ó tún máa ń ṣí kí oòrùn tó wọ̀. Ní nǹkan bí aago 5:30 ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀run, ẹ lè ti máa gbọ́ Éṣíà láti apá ìlà oòrùn. Láàárọ̀, ó lè máa bá a lọ fún wákàtí kan lẹ́yìn tí oòrùn ti yọ.

Àwọn àgbà Ìkòròdú ò ṣàjèjì sí itòsí báńdì yìí. Ìlú wọn ni Voice of Nigeria ti fi ẹ̀rọ ìgbì kúkúrú ránṣẹ́ sí gbogbo ayé fún ọ̀pọ̀ ọdún, 7255 kHz (ìyẹn 7.255 MHz) sì wà lára ibi tí àwọn olùgbọ́ òkèèrè mọ̀ ọ́n sí. Òkè ibi tí báńdì wa parí sí nìyẹn. Kó tó di ìparí oṣù kẹta ọdún 2009, àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ń lo láti 7100 lọ sókè, ham tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀ lóru ń fi ohùn rẹ̀ ṣòfò ni. Ìgbà tí wọ́n kó kúrò láàárín 7100 sí 7200 ni 40 tó gbòòrò fún wa.

Àléébù rẹ̀? Èrò. Ní òpin ọ̀sẹ̀ tí ìdíje bá wà, ẹ lè wá àlàfo kan títí kí ẹ má rí. Àwọn ibùdó Yúróòpù tó ní áńtẹ́nà ńlá á gùn yín lórí láìmọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ Mọ́ọ̀sì (ọ̀rọ̀ tí a ń fi ìró kúkúrú àti gígùn sọ), kó lọ sí ìsàlẹ̀, ní 7.000 sí 7.030, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó jìnnà ti ń ṣeé ṣe jù.

80 ni ti ẹni tó lè jí lóru

Báńdì tí mo fẹ́ràn jù nìyí, mi ò sì ní fi bò. 40 ń fúnni ní iye, 80 ń fúnni ní adùn. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí òkùnkùn wà lórí ayé, nítorí 80 fẹ́ kí ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ yín, kó sì ti ṣú lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ ń pè. Níbi tí a wà, oòrùn kì í ṣe ségesège: ní oṣù Kejìlá ó ń wọ̀ ní nǹkan bí aago 6:35, ó sì ń yọ ní nǹkan bí aago 6:50. Ibi tí àwọn ẹlòmíì wà ló ń yí padà, ẹ jẹ́ ká fi alẹ́ oṣù Kejìlá kan ṣe àpẹẹrẹ.

Bí oòrùn ṣe wọ̀ ní Ìkòròdú, ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́ ní Sydney. Oòrùn á yọ lọ́hùn-ún ní nǹkan bí aago 7:40 alẹ́ tiwa. Ó ku wákàtí kan péré láàárín méjèèjì, wákàtí yẹn ni Australia, tí ẹ bá ṣì ń jẹun, ó ti lọ. Japan ní sùúrù díẹ̀ sí i: ilẹ̀ kì í mọ́ ní Tokyo títí di nǹkan bí aago 10:45 alẹ́ wa. Yúróòpù wà níbẹ̀ láti aago 7 alẹ́ títí di àárọ̀, nítorí London, tó tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà sí wa, fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní àríwá gangan, òru wa àti òru wọn jọ ń lọ. New York á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú ní nǹkan bí aago 10:30 alẹ́ wa, Rio de Janeiro ní Brazil á tẹ̀ lé e láìpẹ́. California kò ní tíì ṣú títí di nǹkan bí aago 2 òru.

Nínú gbogbo rẹ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó ṣáájú ìlà oòrùn wa ni mo fi ń ṣọ́ Amẹ́ríkà. Ohùn kan tó ti ń rọ́lẹ̀ látòru á ṣàdédé gòkè. Ẹ ó gbọ́ ẹni tó ń pe CQ (ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ kó dáhùn) lórí 3.505, ó rinlẹ̀, ó dúró, àmì ìpè rẹ̀ á ṣe kedere tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ó fi rò pé Ṣàgámù ló wà. Ó lè dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń tàn lójú fèrèsé, ohùn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rì, ìpele D ti ń kóra jọ nìyẹn, kò sì sí wáàtì tó lè dá a dúró. Nítorí pé a súnmọ́ ìlà agbedeméjì ayé, ìmọ́lẹ̀ máa ń yára dé bá wa, àwọn ará Scandinavia ń jẹ ìgbádùn yìí pẹ́ jù wá lọ.

Ohun tó ń ba 80 jẹ́ fún wa ni àrá. Láti oṣù kẹta títí dé oṣù kẹwàá, òjò tó ń rìn láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn kọjá Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ń gbé mànàmáná rẹ̀ wá sínú etí yín kó tó gbé omi dé. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àsìkò yẹn náà ni ìgbà ooru Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, òru wọn kúrú, àrá tiwọn náà wà. Ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́, gbogbo rẹ̀ á yí: òjò ti dáwọ́ dúró lọ́dọ̀ wa, òru wọn ti gùn. Àrá Congo nìkan ló kù tí kì í sinmi, ó sì ń ti apá gúúsù-ìlà-oòrùn wá, a máa dé orí ọ̀nà tí a ń gbà yẹra fún un.

160: ẹ má kánjú

Mi ò ní gùn jù lórí èyí. 160 fẹ́ ilẹ̀, ó fẹ́ òkùnkùn, ó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́, ó fẹ́ ẹni tó máa jókòó ní aago 3 òru láìsọ nǹkan kan. Nínú Ìkòròdú, ariwo báńdì náà lásán lè ti máa gbé ọ̀pá mítà tó ń wọn agbára ìró lára rédíò yín dé S9, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ẹ ń wá kò ní ju S3, tó kéré gan-an sí i, lọ. Ẹ ó pe CQ, ogun èèyàn á dáhùn láti Yúróòpù, ẹ ò ní gbọ́ ẹyọ kan, wọ́n á sì máa sọ láàárín ara wọn pé 5N (àmì tó ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìpè ham Nàìjíríà) yìí ya adití. Kò dáa.

Èrè ibẹ̀ ni pé Nàìjíríà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbọ́ lójoojúmọ́ lórí 160. Lórí 40, ẹ̀yin lẹ máa wá wọn lọ. Lórí 160, tí ẹ bá ti sọ àmì ìpè yín lẹ́ẹ̀kan, àwọn ni wọ́n á wá yín. Ẹ gbọ́dọ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe split nígbà náà: ẹ̀yin ń pè níbì kan, ẹ ń gbọ́ wọn ní kHz kan tàbí méjì sókè, kí wọ́n má baà bò yín mọ́lẹ̀. Ìyípo oòrùn 25, ìyẹn bí agbára oòrùn ṣe ń pọ̀ tó sì tún ń dín kù, ti gun òkè rẹ̀ ní 2024. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, 160 àti 80 á máa dáa sí i, ẹ lè fi ọdún kan tàbí méjì kọ́ 40 àti 80 láìpàdánù nǹkan kan.

Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́, Àgbádárìgì

Ìkòròdú ní èrò, ó ní ínfátà, ó ní gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú, ó ní jẹnẹrétọ̀. Olúkúlùkù wọn ní ohùn tirẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré máa ń ta tàk-tàk-tàk bá ìrìn ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ínfátà àti ṣájà máa ń hó ní ibì kan, tí ẹ bá yí rédíò kúrò níbẹ̀, ẹ ó tún bá a níwájú, ó ń tò lẹ́sẹẹsẹ jákèjádò báńdì. Àpótí tó ń darí sólà burú lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ti wọ̀, kò ní iṣẹ́ mọ́, ó dákẹ́, oore ńlá ni fún àwa tí a ń lo òru.

Kí ẹ tó ra áńtẹ́nà kankan, ẹ ṣe èyí: ẹ gbé rédíò sórí bátìrì 12 fóòtì, ẹ pa méènì gbogbo ilé, kí ẹ fetí sí 3.5 àti 7 MHz. Ẹ tan án padà, kí ẹ máa tan bíréékà kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ariwo ti fò sókè, ẹ ti mú olè. Lọ́pọ̀ ìgbà, inú ilé yín náà ló wà, ṣájà kan tí wọ́n gbàgbé sára sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí gílóòbù pálọ̀. Òrùka ferrite (òrùka dúdú tó ń gbé ariwo rédíò mì) tí ẹ bá yí wáyà rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá máa ń pa ẹnu ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́. Tí NEPA bá mú iná lọ ní aago 2 òru, tí gbogbo àdúgbò ti pa jẹnẹrétọ̀ wọn sùn, ẹ dìde. Ìgbà yẹn ni Ìkòròdú ń dà bí abúlé lórí rédíò. Mo mọ̀ pé kò sí ẹlòmíì tó ń yọ̀ sí àìsí iná ní ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀pẹ́ ní ilẹ̀. Tí ẹ bá kúrò láàárín ìlú, tí ẹ kọrí sí ìhà oko, ẹ lè rí ibi tí wáyà 150 mítà lè gbà láìkan ilé ẹnikẹ́ni, wáyà iná sì jìnnà. Ibẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ 160 yẹ kó lọ. Àwọn kan rò pé nítorí pé ọ̀sà wà níbẹ̀, áńtẹ́nà òòró á ṣe wọ́n ní àǹfààní omi. Kò rí bẹ́ẹ̀: omi ọ̀sà Lẹ́kí tó wà lápá ibẹ̀ kò ní iyọ̀ tó bẹ́ẹ̀, iyọ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́ náà.

Àgbádárìgì ló ní iyọ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi láti etí ìlú sọdá sí Gbẹ̀rẹ̀fú, kí ẹ rìn kọjá dé etí òkun. Níbẹ̀, Àtìláńtíìkì ló wà níwájú yín, igi àgbọn ló wà lẹ́yìn, wáyà iná ò sì pọ̀. Omi òkun ń gba iná kọjá ju ilẹ̀ lásán lọ ní nǹkan bí ìlọ́po ẹgbẹ̀rún, nítorí náà áńtẹ́nà òòró tó bá wà létí omi gan-an máa ń ju ohùn yín síta ní ìsàlẹ̀, ní apá òkun, lọ́nà tí kò sí áńtẹ́nà àárín ìlú tó lè fara wé e. Etí omi ni mo wí o. Iyanrìn gbígbẹ tó wà ní ọgọ́rùn-ún mítà sẹ́yìn kò dáa ju ilẹ̀ Ìkòròdú lọ. Ẹ má sì gbàgbé pé òkun yẹn kọjú sí gúúsù: Brazil ni yóò jàǹfààní jù, Amẹ́ríkà ti Àríwá àti Yúróòpù wà lẹ́yìn, lórí ilẹ̀.

Ìṣòro Àgbádárìgì ni ẹrù. Rédíò 100 wáàtì lè fa nǹkan bí 20 ámpíà nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀, bátìrì tó lè gbé e ní gbogbo òru kò fúyẹ́, ẹ sì máa gbé e wọ ọkọ̀, ẹ ó gbé e sọ̀. Ibodè Sẹ̀mẹ̀ kò jìnnà, àwọn agbófinró pọ̀ lójú ọ̀nà, ẹni tó bá rí yín pẹ̀lú òpó, wáyà àti rédíò ní etíkun lóru máa fẹ́ mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Ẹ mú ìwé àṣẹ dání, ojúlówó àti ẹ̀dà, kí ẹ sì kọ́kọ́ lọ kí Baálẹ̀.

Dipole tàbí áńtẹ́nà òòró

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù. Dipole tó wà ní mítà 8 sókè ilẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa lè ṣe láti orí òrùlé sára igi máńgòrò, máa ń da ìgbì 40 sókè ganrangan, ìgbì náà á sì já padà sí àyíká. Abùjá á gbọ́ yín, Kánò á gbọ́ yín, Cotonou á ní ẹ kú iṣẹ́. Kí dipole tó máa rán ìgbì lọ ní ìsàlẹ̀ sí òkèèrè, ó yẹ kó ga tó ìdajì ìgbì: 20 mítà fún 40, 40 mítà fún 80. Ta ló ní òpó 40 mítà?

Áńtẹ́nà òòró kò nílò gíga yẹn. Wáyà mítà 10 tí ẹ so mọ́ ọparun tó dúró ṣánṣán ti tó fún 40, ó sì ń ju ìgbì sí ìsàlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń béèrè wà nílẹ̀: àwọn wáyà tí a ń tẹ́ yí ìdí rẹ̀ ká. Tí ẹ bá tẹ́ mẹ́rin péré, apá tó pọ̀ nínú wáàtì yín á máa mú ilẹ̀ gbóná. Tí ẹ bá tẹ́ mẹ́rìndínlógún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 10, ẹ ti wà ní ọ̀nà. Wáyà iná lásán tó jẹ́ aláwọ̀, tí àwọn oníná-mọ̀nàmọ́ná fi ń ṣe ilé, ti tó. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀, koríko á bò ó. Létí òkun, méjì tí ẹ gbé sókè díẹ̀ ti tó, omi á ṣe ìyókù.

Fún 80, èyí tí mo fọwọ́ sí fún pílọ́ọ̀tì kan ni L tí a dojú rẹ̀ dé: ẹ gbé wáyà lọ sókè mítà 12 lára igi tàbí òpó, kí ẹ na ìyókù gbalaja. Ó ń ṣiṣẹ́ bí áńtẹ́nà òòró, kò sì fẹ́ òpó mítà 20. L kan náà, tó gùn sí i, ni àwọn oní-160 ń lò. Dipole 80 tó wà lókè mítà 8 kò burú fún ìkíni àárín àwọn ham Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ẹ má retí Japan.

Àbùkù kan tí wọn kì í sọ fún olùrajà ni pé áńtẹ́nà òòró ń gbọ́ ariwo ìlú ju dipole lọ. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń ní kí wọ́n pín iṣẹ́ náà: ọ̀kan fún sísọ, òmíràn fún gbígbọ́. Ní Ìkòròdú, òrùka wáyà kan tó fẹ̀ tó mítà kan, tí ẹ lè fi ọwọ́ yí, á jẹ́ kí ẹ kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí ínfátà aládùúgbò títí ariwo rẹ̀ á fi rì. Ní Ẹ̀pẹ́, ẹ lè na Beverage: wáyà 150 mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀, ní mítà méjì tàbí mẹ́ta sókè ilẹ̀, tó kọ orí sí àríwá, pẹ̀lú resistor (ohun kékeré tó ń dá iná dúró díẹ̀) bí 450 ohm sí ilẹ̀ ní ìpẹ̀kun rẹ̀. Ó ń gbọ́ Yúróòpù níwájú, ó sì ń kọ etí dídi sí àrá Congo tó wà lẹ́yìn. Nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ níbí, kò sí èyí tó ń yí 160 padà tó o.

Ẹnu, Mọ́ọ̀sì tàbí FT8

Ọ̀rọ̀ ẹnu lórí báńdì ìsàlẹ̀ ń lo nǹkan bí 2.4 kHz, ibi tí wọ́n kọ LSB sí lára rédíò ni kí ẹ yí i sí, ó sì ń béèrè agbára jù. Lórí 40 ó ṣeé ṣe. Lórí 80, 3.775 sí 3.800 ni àwọn olókèèrè ń pàdé, ẹ wá síbẹ̀ tí áńtẹ́nà yín bá dáa.

FT8, tí Joe Taylor àti Steve Franke gbé jáde ní 2017, kò ju 50 Hz lọ ní fífẹ̀, kọ̀ǹpútà sì ń fà á yọ nínú ariwo tí etí èèyàn ò lè gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹni tó ń gbé àárín Ìkòròdú, tí kò lè ṣe nǹkan kan sí ariwo rẹ̀, FT8 ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Aago kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ péye, kó má fi ju ìṣẹ́jú àáyá kan yẹ̀, nítorí gbogbo ayé ń gba ọ̀rọ̀ sọ ní àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń ṣe ségesège, ẹ fi GPS kékeré tún aago ṣe. Ohun tó ń dùn mí nípa rẹ̀ ni pé kò sí àyè láti béèrè àlàáfíà ẹnikẹ́ni: àmì ìpè, ìròyìn agbára, 73 (ó dàbọ̀ àwọn ham), ó tán.

Mọ́ọ̀sì wà láàárín méjèèjì, òun ni màá yàn fún 80 àti 160. Etí tó ti mọ́ ọn lára ń gbọ́ àmì láàárín ìgbá àrá méjì, rédíò rẹ̀ kò sì nílò kọ̀ǹpútà tó ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gba oṣù díẹ̀ láti kọ́, kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá áńtẹ́nà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sókè sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má bi ọ̀rẹ́ yín ní Ṣómólú. Ẹ pe CQ lórí Mọ́ọ̀sì, kí ẹ wo Reverse Beacon Network, níbi tí àwọn rédíò aláìsùn káàkiri ayé ti ń kọ bí wọ́n ṣe gbọ́ yín tó. Ẹ yí sí áńtẹ́nà kejì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ tún pè. Fún ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ lè gbọ́ ohùn ara yín lórí WebSDR, rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ti yunifásítì Twente ní Netherlands. Alẹ́ kan kò tó ṣá o, nítorí òkè ọ̀run ń yí padà.

Ti onílé

Baba onílé máa bi yín. "Ọmọ mi, wáyà tó o nà sókè yìí, ṣé kò ní pe àrá wá bá wa?" Ẹ má fi rẹ́rìn-ín, ìbéèrè gidi ni. Wáyà kì í pe àrá, ṣùgbọ́n bí àrá bá bọ́ sítòsí, wáyà á gbé agbára rẹ̀ wọlé. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti ri irin sínú ilẹ̀ lẹ́bàá ògiri, pé kébù kì í wọlé láìkọ́kọ́ fara kan irin yẹn, pé tí ẹ kò bá lo rédíò, ńṣe lẹ ń tú kébù kúrò tí ẹ ń gbé e síta. Kí ẹ sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Nínú oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, ẹ tú u kí ẹ tó lọ síbi iṣẹ́, ẹ má dúró de ìgbà tí òjò bá ṣú. Wáyà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kò ní fa ojú aládùúgbò bí òpó funfun ṣe ń fà á, ìyẹn náà ń dín ìbéèrè kù.

Fún ẹni tó fẹ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ dán 160 wò, òpin ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù kìíní ni kí ó fojú sí: ìgbà yẹn ni ìdíje CQ 160 ti Mọ́ọ̀sì, gbogbo ayé wà lórí báńdì náà, àárín ọyẹ́ sì ni. Ẹ bá olóko sọ̀rọ̀ ṣáájú ọdún tuntun, ẹ na Beverage gba ẹ̀bá ẹ̀gẹ́ tí wọn kò tíì fẹ́ wà, kí ẹ so aṣọ pupa mọ́ ọn káàkiri kí ọlọ́kadà má baà fi ọrùn kọ́ ọ. Tí oṣù kejì bá ti ń parí lọ, ẹ ká a kúrò, nítorí wọ́n á fẹ́ máa pa ilẹ̀ mọ́ de òjò àkọ́rọ̀.